Ọgbà Àjọdá: Bí Ilẹ̀ Kékeré Ṣe Lè Di Ilé Ẹ̀kọ́ Fún Àgbà Tí Wọ́n Ti Tì Sẹ́yìn

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dá ọgbà ẹ̀fọ́ kan sílẹ̀ ládùúgbò yín ni mo kọ orí yìí fún. Ọgbà tí mo ní lọ́kàn kì í ṣe ti ẹnì kan. Inú rẹ̀ ni opó tí kò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara, afọ́jú, adití, àfín, ẹni tí ara rẹ̀ ń yá bọ̀ lẹ́yìn àìsàn ọpọlọ àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀wọ̀n dé yóò ti máa kọ́ nǹkan, tí àwọn náà yóò sì máa kọ́ ẹlòmíràn.

Kí ẹ tó ra ọkọ́ kan ṣoṣo, ẹ jẹ́ ká fẹnu kò sórí ohun kan: ẹni tó bá gbin ẹ̀fọ́ ló ni ẹ̀fọ́. Bí ẹ bá kó àgbàlagbà jọ, tí wọ́n kọ ebè, tí wọ́n roko, tí ẹ wá kó ìkórè wọn lọ pín fún àwọn tí ẹ pè ní aláìní, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lẹ fi wọ́n ṣe. Àgbà mọ ìyàtọ̀ láàárín ibi tí wọ́n ti ń kọ́ òun àti ibi tí wọ́n ti ń lo òun. Kò sì ní sọ fún yín. Ṣe ni kò ní wá mọ́.

Kí àwọn tí wọ́n ti tì sẹ́yìn máa bá ará ìlú ṣiṣẹ́ oko pọ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní 1954, nígbà tí Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ ní Arò, l'Abẹ́òkúta, ó ṣètò pé kí àwọn aláìsàn máa gbé lọ́dọ̀ ẹbí nínú àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń bá àwọn ará abúlé lọ sóko. Ohun tí ẹ ó mú níbẹ̀ ni pé àárín ará ìlú ni wọ́n wà, iṣẹ́ gidi ni wọ́n sì ń ṣe. Nítorí náà, ẹ má dá ọgbà tó jẹ́ ti afọ́jú nìkan tàbí ti opó nìkan. Bí ẹ bá ní ẹni méjìlá, kí mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú wọn jẹ́ aládùúgbò tó kàn fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ ni.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

Ẹni méjìlá ni mo fi ṣe ìṣirò. Fún iṣẹ́ ilẹ̀, ẹ wá àdá mẹ́ta, ọkọ́ mẹ́fà (kí èèkù méjì nínú wọn gùn, fún ẹni tí kò lè bẹ̀rẹ̀), ṣọ́bìrì méjì, réèkì méjì, bàrò kan, tépù ìwọnlẹ̀, okùn tó pọ̀ àti èèkàn. Fún omi, dúrọ́ọ̀mù onílítà 200 méjì tó ní ìdérí, àti kẹ́ẹ̀gì onílítà márùn-ún tí ẹ ó fi ìṣó dá ìdérí rẹ̀ lu fún ìbomirin. Ẹ má ra kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 fún iṣẹ́ yìí: ìyá ẹni àádọ́rin ọdún kò lè gbé e, bí ó bá sì tiraka gbé e, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa sanwó rẹ̀.

Fún àwọn bẹ́ẹ̀dì gíga tí mo ṣàlàyé ní ìgbésẹ̀ kẹta, búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án àti pákó líle. Ẹ kọ pákó tí wọ́n ti fi òróró ẹ́ńjìnnì àlòkù kùn nítorí ikán; òróró yẹn á wọ inú ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ jẹ ẹ̀fọ́ inú rẹ̀. Fún ara ẹni, bàtà òjò, ìbọ̀wọ́, akẹtẹ̀ tí etí rẹ̀ gbòòrò, àpótí ìjókòó kéékèèké, àti àpótí ìtọ́jú ọgbẹ́ tó ní báńdéèjì, ọṣẹ àti oògùn apakòkòrò ojú ọgbẹ́. Fún ẹ̀kọ́, pátákó dúdú kékeré kan, ṣọ́ọ̀kì, ọ̀dà funfun, àti ìwé àkọsílẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, títí kan ẹni tí kò tíì mọ̀wé kọ. Ní pàtàkì ẹni tí kò tíì mọ̀wé kọ.

Irúgbìn: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, ilá, ata; ọ̀pá gbúre àti ti ewúro; ẹfinrin àti ewé tíì. Ní agbègbè Ìbàdàn, NIHORT, ilé ìwádìí ọ̀gbìn tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1975 ní Ìdí-Iṣin, jẹ́ ibi tó dára láti béèrè irúgbìn àti ìmọ̀ràn. Níbòmíràn, ẹ lọ bá àwọn ìyá tó ń gbin ẹ̀fọ́ létídò; irúgbìn ọwọ́ wọn ti mọ ilẹ̀ àdúgbò.

Ilẹ̀

Ìdajì pulọ́ọ̀tì, ìyẹn nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 50 lóròó, 50 níbùú, tó ẹni méjìlá. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi ilẹ̀ kí ẹ tó gbà á.

Kí ni wọ́n ti ń ṣe níbẹ̀ rí? Àwọn àgbà àdúgbò ni kí ẹ bi, ẹ má fi ojú lásán ṣèdájọ́. Ibi tí mẹkáníìkì ti lò, ibi tí wọ́n ti ń tú bátìrì tàbí sun wáyà, àti ààtàn àtijọ́ lè ní òjé nínú. Òjé kì í jẹrà kúrò nínú ilẹ̀, erùpẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ewé sì ń gbé e dé inú ìkòkò ọbẹ̀. Bí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ nìkan lẹ rí, ẹ má gbin ohunkóhun sínú rẹ̀; inú bẹ́ẹ̀dì gíga àti àpò tí ẹ kó ilẹ̀ mímọ́ láti ibòmíràn sí ni kí gbogbo ọ̀gbìn wà.

Níbo ni omi ń gbà nígbà òjò? Wọ́n sábà máa ń fi etídò ta irú ẹgbẹ́ yìí lọ́rẹ, nítorí pé kò sẹ́ni tó lè kọ́lé síbẹ̀. Ará Ìbàdàn tó bá ti dàgbà kò ní gbàgbé ohun tí odò Ògùnpa ṣe ní 1980. Yàtọ̀ sí ewu omíyalé, ilẹ̀ ẹrẹ̀ a máa ri kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀, a sì máa yọ̀ mọ́ afọ́jú lẹ́sẹ̀. Ẹ lọ wo ilẹ̀ náà lọ́jọ́ tí òjò ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Bí omi bá ṣì dúró síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fi lọ̀ yín, kí ẹ sì kọ̀ ọ́.

Ta ló ni ín? Ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹ rí baálé tàbí mọ́gàjí, ẹ rí àwọn ọmọ ẹbí yòókù, kí ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀: ọdún mélòó (kó má dín ní mẹ́ta), ṣé ìṣákọ́lẹ̀ wà, kí ni, ta ló ni kànga, ta ló ni ọgbà tó yí ilẹ̀ náà ká. Ẹ ka àdéhùn náà sókè ní Yorùbá níṣojú gbogbo ẹni tó fẹ́ dá bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, kí wọ́n tó tẹ̀ka tàbí fọwọ́ sí i. Ẹ má sì gbin igi tó ń pẹ́ nílẹ̀, bí obì, kòkó tàbí ọ̀pẹ. Nínú àṣà wa, irú igi bẹ́ẹ̀ a máa di ẹ̀rí lẹ́nu ẹni tó gbìn ín pé òun ló ni ilẹ̀, onílẹ̀ kò sì ní dúró kó tó ọjọ́ náà kó tó lé yín. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ pàápàá, ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ lọ pe àwọn ènìyàn

Ẹ má lẹ ìwé mọ́ ògiri fún ẹni tí kò lè ka ìwé. Ẹ lọ sílé wọn. Ẹ gba ọ̀dọ̀ ìyálọ́jà, ìmáàmù, pásítọ̀ àti nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kọjá. Àwọn ló mọ ẹni tí kì í jáde. Ẹ kí wọn bó ṣe yẹ, ẹ jókòó bí wọ́n bá ní kí ẹ jókòó. Lẹ́yìn náà, ẹ má bi wọ́n léèrè pé kí ló ṣe wọ́n. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀, nítorí òun ni ẹ ó fi pín iṣẹ́ olùkọ́. Ìyá tó ti ń ta ẹ̀fọ́ láti ìgbà ọmọge ni yóò kọ́ gbogbo yín bí wọ́n ṣe ń di ìdì tí oníbàárà kò ní fi sílẹ̀. Ọkùnrin tó dàgbà lóko kí ìjàm̀bá ọkọ̀ tó ká a mọ́ kẹ̀kẹ́ mọ ọjọ́ tí òjò máa rọ̀ ju ẹ̀rọ tẹlifóònù yín lọ. Bí ẹ bá parí ìbẹ̀wò tí ẹ kò rí ohun kankan tí ẹnì kan lè kọ́ àwọn yòókù, ẹ padà lọ bi í léèrè, ẹ kò tíì bi í dáadáa ni.

Fún ẹni tó ń gba ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ, ẹ bá ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti gbọ́ pé ó fẹ́ wá. Pátákó ẹnu ọ̀nà ńkọ́? Orúkọ àdúgbò ni kí ẹ kọ sí i. Ẹni tó bá ń kọjá kò gbọdọ̀ fi ojú pátákó mọ ohun tó ṣe àwọn tó wà nínú.

Ìgbésẹ̀ kejì: ọ̀nà ni kí ẹ kọ́kọ́ là

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ ebè tán kí wọ́n tó rántí ọ̀nà. Ẹ yí i padà. Lọ́jọ́ tí ẹ ó wọn ilẹ̀, kí ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ àti ẹni tí kò ríran wà níbẹ̀. Àwọn ni yóò sọ ibi tí ọ̀nà yóò gbà, ẹ̀yin ẹ di tépù mú. Kí ọ̀nà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 120, kí ibi ìyípadà ní ìparí rẹ̀ fẹ̀ tó 150. Ẹ kó ilẹ̀ pupa lé e, ẹ bu omi rin ín, ẹ gún un kó le. Ẹ má da yanrìn tàbí òkúta wẹ́wẹ́ sí i, táyà kẹ̀kẹ́ kò ní lè yí.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà, ẹ fa okùn tó dọ́gba pẹ̀lú ìbàdí láti orí èèkàn dé èèkàn. Níwájú bẹ́ẹ̀dì kìn-ín-ní, ẹ ta kókó kan sí okùn; níwájú ìkejì, kókó méjì; bẹ́ẹ̀ lọ. Afọ́jú á fi ọwọ́ mọ ibi tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ gbin ẹfinrin sí ẹnu ọ̀nà àti ewé tíì sí ìkángun, kí òórùn máa sọ ibi tí ènìyàn dé. Ẹ ṣe àtíbàbà kan fún àfín, fún ẹni tó ti rẹ̀, àti fún ẹ̀kọ́. Kí ilé ìyàgbẹ́ wà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ gba kẹ̀kẹ́. Ibi tí obìnrin kò ti rí ibi tọ̀, kò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: bẹ́ẹ̀dì

Oríṣi mẹ́ta lẹ ó ṣe. Bẹ́ẹ̀dì ilẹ̀, fún ẹni tó lè bẹ̀rẹ̀: mítà mẹ́ta lóròó, sẹ̀ǹtímítà 120 níbùú, kí ọwọ́ lè dé àárín láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láìtẹ inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì àjókòóṣe, fún àgbà tí orúnkún ń dùn: ìlà búlọ́ọ̀kù méjì, tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 45, kí ó lè jókòó lórí àpótí ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀dì gíga, fún ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ tàbí ẹni tí kò lè tẹ ẹ̀yìn rárá: ìlà mẹ́ta, bíi 68.

Ẹ ṣọ́ra fún bẹ́ẹ̀dì gíga yìí, ibẹ̀ ni àṣìṣe ti máa ń pọ̀ jù. Bí ó bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù títí dé ilẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ yóò kọ sí i, ọwọ́ kan ni yóò sì máa fi ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀yìn tó lọ́. Ó sàn kí ẹ ṣe é bíi tábìlì: pákó líle lórí òpó, kí abẹ́ rẹ̀ ṣófo tó sẹ̀ǹtímítà 70 kí orúnkún lè wọlé, kí ilẹ̀ inú rẹ̀ jìn tó 20 sí 25. Ìyẹn tó fún tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti gbúre. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ọwọ́ ti lè dé ibẹ̀, kí ìbú rẹ̀ má ju 60 lọ. Ẹ dá ìsàlẹ̀ pákó lu kí omi lè ro jáde, kí ẹ sì pe káfíńtà wá wo òpó: ilẹ̀ tútù wúwo gan-an, bí tábìlì bá wó, orí ẹsẹ̀ tí kò lè tètè kúrò ni yóò wó lé.

Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Kí ẹyọ kan jẹ́ ti gbogbo ẹgbẹ́. Mo máa padà sórí ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ajílẹ̀

Ẹ kó ewé gbígbẹ, èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti koríko jọ ní ìpele-ìpele, kí òkìtì náà tó mítà kan níbùú àti lóròó àti ní gíga. Ẹ bu omi sí i kó rin, kó má ṣàn. Ẹ máa yí i ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ẹ ti ọ̀pá irin bọ àárín rẹ̀: bí ó bá gbóná nígbà tí ẹ fà á jáde, iṣẹ́ ń lọ. Ní oṣù méjì sí mẹ́ta yóò dúdú, yóò sì máa rùn bí ilẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ẹran, ọ̀rá àti ìgbẹ́ ènìyàn kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó jẹrà tó oṣù méjì sí mẹ́ta. Tútù rẹ̀ a máa jó gbòǹgbò, ó sì ń gbé kòkòrò àrùn sórí ewé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: gbígbìn

Ẹ má jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ tàn yín jẹ. Ó lè rọ̀ nínú oṣù kẹta kí ọ̀run tún gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ dúró kí òjò ti ṣe déédéé, kí ilẹ̀ sì rin dé ìsàlẹ̀ ìka tí ẹ tì bọ̀ ọ́.

Tẹ̀tẹ̀ ni kó ṣáájú. Ìdí mi ni pé a máa tó fà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹni tí ìrètí rẹ̀ ti já ní ọ̀pọ̀ ìgbà gbọ́dọ̀ jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kí oṣù kan tó pé. Ẹ po irúgbìn ìdérí ìgò kan mọ́ yanrìn gbígbẹ agolo mílíìkì kan, kó má baà dà jọ. Ẹ fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀ kó ṣe ojú ìlà, ẹ wọ́n ọn sínú ìlà, ẹ fi erùpẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ bò ó. Afọ́jú lè fi ìka tọ ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìlà rẹ̀ sì sábà máa ń tọ́ ju ti olójú lọ.

Irúgbìn ewédú le léèpo, kì í tètè hù. Ẹ dì í sínú aṣọ, ẹ rì í bọ omi híhó fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí mẹ́wàá, ẹ yọ ọ́ kíá sínú omi tútù, kí ẹ sì sá a kó gbẹ díẹ̀ kí ẹ tó gbìn ín. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n kò gbọdọ̀ ṣe èyí. Ilá: ẹyọ méjì sí ojú ihò, ìwọ̀n oríkèé ìka kan ní jíjìn, bíi sẹ̀ǹtímítà 45 sí 60 láàárín ihò méjì. Gbúre àti ewúro, ẹ gé ọ̀pá wọn kí ẹ rì í mọ́lẹ̀. Kò sí ohun tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀. Tòmátì ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀ di ọdún kejì. Àrùn rẹ̀ pọ̀, ó ń fẹ́ ọ̀pá ìfẹ̀yìntì, ikú rẹ̀ sì máa ń mú ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun rẹ̀wẹ̀sì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí ẹ ó ṣe máa kọ́ ara yín

Ẹ pàdé ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, aago méje sí mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Ẹ yẹra fún ọjọ́ ọjà. Ẹni tó bá pàdánù ọjà lè má rí oúnjẹ jẹ, ebi kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ẹ̀kọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹnu kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ ṣe é kí wọ́n wò, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é, lẹ́yìn náà kí ẹni tó ṣe é fi han ẹlòmíràn. Ìgbà tó bá fi han ẹlòmíràn ni ẹ ó mọ̀ pé ó ti mọ̀ ọ́n. Fún adití, ẹ dojú kọ ọ́, ẹ má kẹ̀yìn sí oòrùn tí òjìji yóò fi bo ẹnu yín, ẹ má pariwo. Ẹ jẹ́ kó kọ́ gbogbo ẹgbẹ́ ní àmì ọwọ́ fún omi, ọkọ́, dúró àti ewu, kí gbogbo yín sì máa lò ó.

Bí olùkọ́ bá kéré lọ́jọ́ orí, kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀ kí àgbà kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kó máa pe wọ́n ní Ìyá, Bàbá, Àǹtí tàbí Bọ̀dá; kò gbọdọ̀ dárúkọ wọn lásán. Kò gbọdọ̀ ní kí àgbà nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé, kò sì gbọdọ̀ bá a wí níṣojú àwọn yòókù. "Ìyá, ẹ jẹ́ ká jọ tún un wò" tó gẹ́ẹ́.

Ìwé kíkà, ara bẹ́ẹ̀dì ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Paulo Freire, olùkọ́ ará Brazil, fi irú ọ̀nà yìí kọ́ nǹkan bí 300 òṣìṣẹ́ ní ìlú Angicos ní 1963: ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìgbésí ayé wọn ló fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ọ̀dà funfun kọ ILÁ, ATA, OMI, OKO sára pákó, lẹ́tà gàdàgbà, kí ẹ fi í síbi tí nǹkan náà wà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìka tọ lẹ́tà náà nínú erùpẹ̀ kó tó di pẹ́ńsù mú. Ìka tó ti ń ro oko láti ọdún yìí wá kò bẹ̀rù erùpẹ̀. Nígbà tí ó bá ti mọ OKO, ẹ fi àmì ìsàlẹ̀ àti ti òkè sí i kó di ỌKỌ́, yóò rí ohun tí àmì ń ṣe láìsí àlàyé gígùn. Lẹ́yìn náà, orúkọ rẹ̀. Ẹ gé lẹ́tà rẹ̀ sí ara igi fún ẹni tí kò ríran, kó lè fi ọwọ́ bà á.

Ìṣirò wà nínú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀: ọjọ́ tí a gbìn, ọjọ́ tí a fà, iye ìdì, iye owó. Ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́jà ti mọ ìṣirò lórí ju ẹ̀yin lọ. Kíkọ ọ́ sílẹ̀ nìkan ló kù.

Fún iṣẹ́ tó ju agbára ẹnì kan lọ, ẹ lo àáró: tèmi lónìí, tìrẹ lọ́la. Ẹ so ẹni méjì-méjì pọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ rí i pé àáró ni lóòótọ́. Bí aládùúgbò kan bá ń fa omi fún ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ lójoojúmọ́, tí òun kò gba nǹkan kan padà, àánú ni, àánú a sì máa sú ènìyàn. Kí ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ máa bá a fún irúgbìn, kó máa bá a kọ ìwé ìṣirò, kó máa bá a di ìdì. Bí iṣẹ́ ńlá bá dé, bíi títún ọ̀nà ṣe, ẹ bẹ ọ̀wẹ̀, kí ẹ fi owó àpò ẹgbẹ́ se oúnjẹ.

Ìgbésẹ̀ keje: ìkórè àti owó

Oníkálukú ló ni ohun tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀: ó lè jẹ ẹ́, ó lè tà á, ó lè fi ta ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́rẹ. Bẹ́ẹ̀dì àjùmọ̀ni tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni ẹ ó máa tà fún irúgbìn, omi àti àtúnṣe irinṣẹ́. Lóṣooṣù, kí ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ́ ìwé ka ìṣirò owó sókè, bó ti wù kó pẹ́ tó lẹ́nu rẹ̀. Kí kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà wà lọ́wọ́ ẹni méjì, kí ọ̀kan jẹ́ ẹni tí àwùjọ kì í fi kọ́kọ́rọ́ sí lọ́wọ́.

Ààbò

Oògùn apakòkòrò oko àti oògùn apakoríko kò gbọdọ̀ wọ ọgbà yìí, ìbáà jẹ́ ìgò kékeré kan. Ní 2019, NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, fòfin de ìgò kékeré onímílílítà 100 ti oògùn dichlorvos. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024, wọ́n ti fòfin de paraquat, oògùn apakoríko. Síbẹ̀, ẹ ṣì lè rí i lọ́jà, ẹ sì lè rí Ota-pia-pia nínú ìgò tí kò ní orúkọ. Níbi tí ẹni tí kò lè kàwé, ẹni tí kò ríran àti ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti ń bàjẹ́ jọ wà, irú ìgò bẹ́ẹ̀ kò láyè. Fún kòkòrò, ẹ gún ewé dóńgóyárò, ẹ rẹ ẹ́ sínú korobá omi mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ kán ọṣẹ díẹ̀ sí i, kí ẹ fi wọ́n ewé nírọ̀lẹ́. Ẹ fọ ẹ̀fọ́ náà dáadáa kí ẹ tó sè é.

Àdá: ẹ kà á nígbà tí ẹ mú un jáde, ẹ kà á nígbà tí ẹ kó o wọlé, fún gbogbo ènìyàn bákan náà. Ẹ má yan ẹnì kan sọ́tọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àdá nítorí ẹ̀wọ̀n tó ti ṣe. Ẹni tó ní wárápá nìkan ni kí ẹ bá sọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀, kó yan iṣẹ́ tí kò ní abẹ tàbí omi jíjìn nínú. Bí gìrì bá mú un, ẹ kó irinṣẹ́ kúrò nítòsí, ẹ fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ má dì í mọ́lẹ̀, ẹ má ti ṣíbí tàbí ohunkóhun bọ ẹnu rẹ̀. Itọ́ ẹnu rẹ̀ kì í ràn. Ẹ fọwọ́ kàn án. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ilé ìwòsàn ni.

Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fẹnu fa ojú rẹ̀, ẹ má fi okùn dè é pinpin. Kó má rìn, kí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ náà dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá. Ẹ béèrè ilé ìwòsàn tó ní oògùn ejò kí ọjọ́ náà tó dé. Ẹni tí irin tàbí ẹ̀gún bá gún, kó fọ ọgbẹ́ náà, kó sì lọ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Oòrùn: kí àfín wọ aṣọ apá gígùn àti akẹtẹ̀, kí iṣẹ́ rẹ̀ wà lábẹ́ àtíbàbà bí ilẹ̀ bá ti mọ́ gedegbe. Àwọn oògùn kan tí wọ́n ń lò fún àìsàn ọpọlọ a máa jẹ́ kí oòrùn tètè jó awọ ara, nítorí náà ẹ jẹ́ kí gbogbo yín máa mu omi, kí ẹ sì máa sinmi lábẹ́ àtíbàbà ní àkókò kan náà, kó má baà di pé ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ ń tọ́jú. Ẹ bo dúrọ́ọ̀mù àti kànga. Ẹ̀fọn àti ọmọdé kò gbọdọ̀ ráyè débẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Bíbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ogójì ènìyàn. Dídá ọgbà tí kò ní omi oṣù kejìlá sí ìkejì. Fífi omi gọ́tà rin ẹ̀fọ́. Yíya fọ́tò àwọn ènìyàn láti fi wá owó láìtọrọ àyè lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá ní rárá, rárá ni. Wíwàásù fún ẹni tó wá gbin ilá. Àti èyí tó burú jù lọ lójú mi: gbígba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ́ra. Bí ìlà rẹ̀ bá wọ́, ẹ jẹ́ kó wọ́. Tẹ̀tẹ̀ á hù nínú rẹ̀.

Ibi tí ẹ ó ti lo làákàyè

Bí ẹnì kan kò bá wá ní ẹ̀ẹ̀mejì léraléra, kí ẹnìkejì rẹ̀ nínú àáró lọ kí i nílé, kó mú ẹ̀fọ́ díẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì ẹni náà dání. Ẹ má gba bẹ́ẹ̀dì náà fún ẹlòmíràn kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó pé. Bí ẹni tó ń gba ìtọ́jú bá bẹ̀rẹ̀ sí í yàtọ̀, tí kò sùn mọ́, tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́nà tó ń bà á lẹ́rù, ọgbà kì í ṣe oògùn: ẹ bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì rẹ̀, kí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dúró dè é. Ẹni tó bá na ẹlòmíràn yóò lọ sílé lọ́jọ́ náà, gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò sì jókòó lé ọ̀rọ̀ ìpadàbọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ ti parí ìjà tó ju ìyẹn lọ rí.

Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ń bọ̀, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ìdí tẹ̀tẹ̀, ilá àti ewédú tó sàn jù sílẹ̀ kó gbó lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ gé e, ẹ sá a lábẹ́ àtíbàbà, ẹ pa á, kí ẹ kó irúgbìn rẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ tí ìdérí rẹ̀ le, kí ẹni tó ni ín kọ orúkọ irúgbìn àti ọjọ́ sí i lára. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pe ẹni mẹ́fà tuntun, kí ẹ má ju mẹ́fà lọ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà lábẹ́ ẹnì kan nínú àwọn méjìlá àkọ́kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ dá a sílẹ̀ lè bọ́ sí ẹ̀yìn ní àkókò yẹn, kí ẹ máa wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ sì ní bẹ́ẹ̀dì tiyín bíi ti gbogbo èèyàn.